Bí A Ṣe Ń Dárí Ji Ẹni Tó Ṣẹ̀ Wá Títí Ọ̀rọ̀ Náà Yóò Fi Tán Nínú Wa

Ọ̀pọ̀ Kristẹni ni ó ti fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé, "Mo ti dárí jì í, ó ti tán," síbẹ̀ tí ẹni tí ó ṣẹ̀ ẹ́ bá gba ẹnu ọ̀nà ìjọ wọlé, ojú rẹ̀ á yí padà, á sì wá ìjókòó lọ sí ìhà kejì. Irú ènìyàn bẹ́ẹ̀ kì í ṣe òpùrọ́. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí i ni pé wọ́n mú un sọ ọ̀rọ̀ ìparí kí ó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ rárá: àwọn àgbà pé lé e lórí, wọ́n bẹ̀ ẹ́, wọ́n pa á lówe pé bí a kò bá gbàgbé ọ̀rọ̀ àná, a kò ní rí ẹni bá ṣeré, kò sì sí bí ó ṣe lè wí lójú wọn pé inú òun ṣì ń ru. Ó dìde níbẹ̀, ó gbé gbogbo ọ̀rọ̀ náà lọ sílé bí ó ti gbé e wá, láìsí ẹnìkan tí ó bi í pé kí ni wọ́n ṣe fún un gan-an.

Ìtọ́sọ́nà yìí wà fún ẹni tí ó fẹ́ ṣe iṣẹ́ náà láti ìbẹ̀rẹ̀. Kí ọ̀rọ̀ má baà jẹ́ ti ẹnu lásán, ọ̀ràn kan ṣoṣo ni n óò máa fi ṣe àpẹẹrẹ. Ẹ jẹ́ kí á sọ pé ẹ̀gbọ́n yín obìnrin kan nínú ẹgbẹ́ akọrin yá ₦80,000 lọ́wọ́ yín láti fi san owó ilé-ìwé ọmọ rẹ̀. Ó ní òun yóò dá a padà ní ìparí oṣù. Oṣù mẹ́rin ti kọjá báyìí, kò dá a padà, ẹ sì tún ń gbọ́ pé ó ń sọ fún àwọn akọrin yòókù pé ahun ni yín, pé nítorí owó táṣẹ́rẹ́ ni ẹ ṣe ń yọ òun lẹ́nu. Ẹni tí ọ̀ràn tirẹ̀ bá yàtọ̀ lè fi tirẹ̀ rọ́pò bí ó ti ń kà á.

Ohun tí ẹ nílò kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀

Ẹ nílò Bíbélì, kí ẹ sì ti ka ibi mẹ́rin ṣáájú: Mátíù orí 18 láti ẹsẹ 15 dé òpin, Éfésù 4:25–32, Róòmù 12:14–21, àti gbogbo ìwé Fílémónì, tí kò ju orí kan lọ. Ẹ nílò ìwé pélébé kan àti kálàmù. Mo sọ ìwé nítorí pé ohun tí a bá kọ sórí fóònù rọrùn láti fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn nígbà tí inú bá ń bí wa. Ẹ nílò àgbàlagbà onígbàgbọ́ kan ṣoṣo tí ẹnu rẹ̀ kì í ṣí, tí kì í ṣe ọ̀rẹ́ ẹni tí ó ṣẹ̀ yín, tí kì í sì í ṣe ẹni tí yóò máa gbè sẹ́yìn yín lórí ohun gbogbo. Lákòótán, ẹ nílò àkókò tí ẹnikẹ́ni kò fi ní máa lé yín. Ààrin ìsìn àkọ́kọ́ sí ìsìn kejì ní ọjọ́ ìsinmi kì í ṣe àkókò bẹ́ẹ̀.

Ìpele 1: Ẹ mọ irú ẹ̀ṣẹ̀ tí ó wà níwájú yín

Kì í ṣe gbogbo ohun tí ó bá dùn wá ni ó tó gbé síwájú. Òwe 19:11 sọ pé ògo ni ó jẹ́ fún ènìyàn láti ré ẹ̀ṣẹ̀ kọjá, 1 Pétérù 4:8 sì sọ pé ìfẹ́ a máa bo ọ̀pọ̀lọpọ̀ ẹ̀ṣẹ̀ mọ́lẹ̀. Ẹni tí kò kí yín dáadáa láàárọ̀, aládùúgbò tí jẹnẹrétọ̀ rẹ̀ pariwo kọjá àsìkò ní alẹ́ ọjọ́ kan, ọmọ ìyá yín tí ó gbàgbé ọjọ́ ìbí yín: ẹ lè fojú fo àwọn wọ̀nyí ní ọjọ́ náà gan-an, kí ẹ má sì padà sí i mọ́.

Irú kejì ni èyí tí ó ba nǹkan jẹ́ láàrin ẹni méjì, bí owó, irọ́, ìfọ̀rọ̀banijẹ́, àti ìlérí tí a kò mú ṣẹ. Ti ẹ̀gbọ́n akọrin wa wà níhìn-ín, torí rẹ̀ ni a sì ṣe kọ àwọn ìpele tí ó kù.

Irú kẹta ni ìwà ọ̀daràn, níbi tí ìkìlọ̀ mi ti le jù lọ. Mátíù 18:15, tí ó ní kí a lọ bá ẹni tí ó ṣẹ̀ wá ní àwa méjèèjì nìkan, kò pàṣẹ fún obìnrin tí ọkọ rẹ̀ ń lù pé kí ó lọ bá a jókòó nínú yàrá tí a ti ilẹ̀kùn rẹ̀. Kò sì pàṣẹ fún òbí tí wọ́n bá ọmọ rẹ̀ ṣe ìṣekúṣe pé kí ó lọ parí i ní ìkọ̀kọ̀. Nàìjíríà ní òfin ìjọba àpapọ̀ ti ọdún 2015 tí ó lòdì sí ìwà ipá sí ènìyàn, ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ sì ti sọ ọ́ di tiwọn. Róòmù 13:4 pe aláṣẹ ní ìránṣẹ́ Ọlọ́run nínú irú ọ̀ràn bẹ́ẹ̀. Kí ẹ kọ́kọ́ kúrò nínú ewu, kí ẹ sọ fún ọlọ́pàá àti fún àwọn ẹbí tí ó ṣe é fọkàn tán. Ìdáríjì inú ọkàn lè tẹ̀ lé e bí ọjọ́ bá ti ń lọ, àmọ́ kò dá ẹjọ́ dúró. Ẹni tí ó bá sì fi orúkọ ìdáríjì bẹ̀ yín pé kí ẹ bo irú nǹkan bẹ́ẹ̀ mọ́lẹ̀, ẹ má ṣe gbà fún un, bí ó tilẹ̀ wọ aṣọ àlùfáà.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* Bí ẹ bá sọ pé ẹ ti fojú fo ọ̀rọ̀ kan, tí ẹ sì tún ròyìn rẹ̀ fún ẹlòmíràn lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, ẹ kò fojú fò ó. Irú kejì ni, ẹ tẹ̀ síwájú.

Ìpele 2: Ẹ kọ gbèsè náà sílẹ̀

Ìpele yìí ni àwọn ènìyàn sábà máa ń fò, nítorí wọ́n rò pé ẹni tí ó bá ń ka ẹ̀ṣẹ̀ ẹlòmíràn kò ní ìfẹ́. Ẹ wo ohun tí Jésù ṣe nínú ìtàn ẹrú aláìláàánú ní Mátíù 18. Ó dárúkọ iye gbèsè méjèèjì. Ẹrú àkọ́kọ́ jẹ Ọba rẹ̀ ní tálẹ́ńtì 10,000, ẹnìkejì rẹ̀ sì jẹ ẹ́ ní dẹ́náríọ̀ 100. Mátíù 20:2 fi hàn pé dẹ́náríọ̀ kan ni owó iṣẹ́ òòjọ́ lágbàṣe, nítorí náà iṣẹ́ ọgọ́rùn-ún ọjọ́ ni wọ́n jẹ ẹrú náà. Ní Nàìjíríà tòní, ẹni tí ó ń gba ₦70,000, èyí tí òfin là sílẹ̀ ní 2024 pé ó jẹ́ owó oṣù tí ó kéré jù lọ, yóò ṣiṣẹ́ ju oṣù mẹ́ta lọ kí ó tó rí irú owó bẹ́ẹ̀. Kì í ṣe owó tí ènìyàn ń gbàgbé sínú àpò ṣòkòtò. Jésù kò sọ pé gbèsè kékeré náà kì í ṣe nǹkan kan. Ohun tí ó sọ ni pé èyí tí Ọba fi ji ẹrú náà pọ̀ ju èyí tí ó lè fi wé e lọ: tálẹ́ńtì kan tó nǹkan bí dẹ́náríọ̀ 6,000, tí ẹgbàárùn-ún rẹ̀ sì jẹ́ iṣẹ́ òòjọ́ ọgọ́ta mílíọ̀nù ọjọ́.

Nítorí náà, ẹ pín ìwé yín sí ọ̀nà mẹ́ta. Ní ọ̀nà àkọ́kọ́, ẹ kọ ohun tí ẹni náà ṣe, kí ó jẹ́ ohun tí ojú rí tàbí tí etí gbọ́: "Ó yá ₦80,000 lọ́wọ́ mi ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹsàn-án. Ó ní ìparí oṣù náà ni òun yóò san án. Kò san án. Mo pè é lẹ́ẹ̀mejì, kò gbé e." Ní ọ̀nà kejì, ẹ kọ ohun tí ó ná yín: "Mo lọ yá owó lọ́wọ́ àbúrò mi kí n tó lè san owó ilé. Ojú tì mí lọ́dọ̀ àbúrò mi. Mi ò lè kọrin mọ́ bí ó bá dúró ní ẹ̀gbẹ́ mi." Ní ọ̀nà kẹta, ẹ kọ ohun tí ẹ fi ọkàn rò: "Mo rò pé ó mọ̀ọ́mọ̀ fẹ́ jẹ owó náà gbé. Mo rò pé ó ń jowú mi láti ìgbà tí wọ́n ti fún mi ní orin àdákọ."

Ibi tí a ti ń ṣìnà ni pé a máa ń kó ọ̀nà kẹta lọ sínú àkọ́kọ́. Ọ̀rọ̀ ahun tí wọ́n ní ó sọ, ibo ni ó yẹ kí a kọ ọ́ sí? Bí kì í bá ṣe etí yín ni ó gbọ́ ọ, ọ̀nà kẹta ni ibẹ̀ rẹ̀, títí ẹ ó fi bi í léèrè. Àgbẹjọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni, ẹni tí ó sì gbé ọ̀rọ̀ wá fún yín lè ti fi iyọ̀ díẹ̀ sí i.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* Ẹ ka ọ̀nà àkọ́kọ́ bí ẹni pé ẹ̀gbọ́n náà jókòó níwájú yín. Ǹjẹ́ ìlà kan wà níbẹ̀ tí ó lè fi òótọ́ inú sọ nípa rẹ̀ pé, "Kò rí bẹ́ẹ̀"? Ẹ yọ ọ́ kúrò níbẹ̀. Ohun tí ó kù ni ẹ fẹ́ dárí rẹ̀ jì.

Ìpele 3: Ẹ fi gbèsè náà lé Ọlọ́run lọ́wọ́ kí ẹ tó rí ẹni náà

Máàkù 11:25 fi ìdáríjì sí orí ìdúró wa níbi àdúrà, níbi tí ẹni tí ó ṣẹ̀ wá kò tilẹ̀ sí. Èyí túmọ̀ sí pé apá kan wà nínú iṣẹ́ yìí tí kò nílò kí ó bẹ̀ yín, tí kò nílò kí ó gbà pé òun jẹ̀bi, tí kò tilẹ̀ nílò kí ó wà láàyè. Bí bàbá yín bá ti kú láì bẹ̀ yín, ibí yìí ni ẹ ti lè ṣe é parí.

Ẹ mú ìwé náà, kí ẹ ka ọ̀nà kìíní àti ìkejì sókè níwájú Ọlọ́run, ní ìlà kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì máa sọ lẹ́yìn ìlà kọ̀ọ̀kan ohun tí ó jọ èyí: "Olúwa, ohun tí ó ṣe nìyí, ó sì dùn mí. Mo yọ̀ǹda ẹ̀san rẹ̀. Mi ò ní gbẹ̀san rẹ̀ lára rẹ̀, mi ò ní fẹ́ kí ibi bá a nítorí rẹ̀. Ọwọ́ Rẹ ni mo fi í sí." Bí ẹ bá dé ìlà tí ẹnu yín kọ̀ láti sọ, ẹ dúró níbẹ̀. Ẹ sọ fún Ọlọ́run pé ẹnu yín kọ̀. Ẹ má fipá fò ó, ẹ padà sí i lọ́la. Ìlà tí ẹnu kọ̀ ni ó sábà máa ń jẹ́ ìdí ọ̀rọ̀ gan-an, owó kọ́. Lójú tèmi, nínú àpẹẹrẹ wa yìí, "ojú tì mí lọ́dọ̀ àbúrò mi" ni yóò há sí ọ̀fun, kì í ṣe ₦80,000.

Ìkìlọ̀ kan wà níbí tí yóò bí àwọn kan nínú. A ti mọ àdúrà "gbogbo ọ̀tá mi, ẹ ṣubú" débi pé ẹlòmíràn yóò lọ sí ìṣọ́ òru láti dárí ji ènìyàn, yóò sì lo òru náà láti fi Sáàmù 35 àti 109 gún ẹni náà lórúkọ. Ẹni tí ó bá ṣe bẹ́ẹ̀ ti kó gbèsè náà kúrò lọ́wọ́ ara rẹ̀, ó fi gbé ẹgba lé Ọlọ́run lọ́wọ́. Róòmù 12:19 sọ pé ti Olúwa ni ẹ̀san, kò sọ pé kí á máa tọ́ka ibi tí yóò nà fún un. Mátíù 5:44 sọ ohun tí ó yẹ kí á ṣe, pé kí á gbàdúrà fún ẹni náà.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* Ẹ béèrè ohun rere kan fún un, kí ó jẹ́ ohun tí ẹ lè dárúkọ. Kì í ṣe "Olúwa, bùkún gbogbo ènìyàn." Ẹ sọ pé, "Olúwa, jẹ́ kí ọmọ rẹ̀ tí mo yá a lówó nítorí rẹ̀ yege ìdánwò rẹ̀." Bí ẹ bá lè sọ èyí láìsí pé àyà yín ń le, ẹ lè kọjá sí ìpele tí ó kàn.

Ìpele 4: Ẹ di ẹnu yín

Láti ìsinsìnyí títí ẹ ó fi rí i, ẹni méjì péré ni ó lè gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí lẹ́nu yín: Ọlọ́run, àti àgbàlagbà kan tí ẹ ti yàn. Ẹ má ṣe gbé e sórí WhatsApp bí ọ̀rọ̀ ọlọgbọ́n tí kò ní orúkọ nínú, nítorí pé gbogbo ẹgbẹ́ akọrin ni yóò mọ ẹni tí ẹ ń bá wí. Ẹ má ṣe pa òwe sí i láàrin àwùjọ. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, ẹ ṣọ́ra fún "ẹ bá mi gbàdúrà lórí ọ̀rọ̀ kan," èyí tí ó ti di ọ̀nà tí àwa ará ìjọ ń gbà sọ̀rọ̀ ẹni lẹ́yìn pẹ̀lú ojú dídì.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* Bí ẹ bá bá a pàdé lọ́la, ṣé kò ní gbọ́ nǹkan kan nípa ọ̀rọ̀ yìí lẹ́nu ẹlòmíràn kí ó tó gbọ́ ọ lẹ́nu yín?

Ìpele 5: Ẹ lọ bá a, ẹ̀yin méjèèjì nìkan

Àṣẹ tí ó wà ní Mátíù 18:15 rọrùn láti kà, ó sì le fún Yorùbá láti ṣe, pàápàá bí ẹni tí ó ṣẹ̀ wá bá jù wá lọ. Bí ọmọdé bá dojú kọ àgbà tí ó ní "ẹ ṣẹ̀ mí," wọn á ní kò ní ẹ̀kọ́. Ohun tí ọ̀pọ̀ wa máa ń ṣe ni kí á tọ pásítọ̀ lọ, tàbí kí á rán ẹlòmíràn sí i. Ẹni náà yóò wá gbọ́ pé ẹjọ́ òun ti dé iwájú kí ọ̀rọ̀ tó kan òun, yóò sì fi gbogbo agbára rẹ̀ gbèjà ara rẹ̀. Kò sí ohun tí ó yára ba ìlàjà jẹ́ tó èyí.

Ọ̀nà tí a lè gbà pa àṣẹ Jésù mọ́ kí á sì bọ̀wọ̀ fún àgbà ni kí á lọ sí ilé rẹ̀. Ẹ má pè é wá. Ẹ má lọ ní ọjọ́ tí ilé rẹ̀ kún, ẹ má sì lọ ní ìparí oṣù bí ẹni tí ó wá sin gbèsè. Ẹ kúnlẹ̀ kí i bí ẹ ti máa ń ṣe, tàbí kí ẹ dọ̀bálẹ̀ bí ẹ bá jẹ́ ọkùnrin. Lẹ́yìn tí ẹ bá ti béèrè àlàáfíà ilé àti ọmọ, ẹ lè sọ báyìí:

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má bínú, ọ̀rọ̀ kan wà lọ́kàn mi, mi ò sì fẹ́ kí ó wà láàrin èmi pẹ̀lú yín. Mi ò tíì sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni nínú ẹgbẹ́. Nígbà tí ẹ gba owó yẹn ní oṣù Kẹsàn-án, ẹ ní ìparí oṣù. Nígbà tí mi ò rí i, tí mo sì pè yín tí ẹ ò gbé e, ó dùn mí gan-an, torí mo lọ yá owó níbòmíràn láti san owó ilé. Mo tún gbọ́ ọ̀rọ̀ kan tí mi ò mọ̀ bóyá òótọ́ ni, mo ní kí n bi yín léèrè fúnra yín. Mo fẹ́ gbọ́ tẹnu yín."

Ẹ kíyè sí i pé ọ̀nà kìíní àti ìkejì ìwé yín nìkan ni ó wà nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ọ̀nà kẹta ti di ìbéèrè. Kò sí "gbogbo ìgbà ni ẹ máa ń ṣe bẹ́ẹ̀." Kò sí "ẹ̀yin náà mọ ohun tí ẹ ṣe," èyí tí ń fipá mú ẹni tí ó gbọ́ ọ láti máa méfò. Lẹ́yìn tí ẹ bá ti sọ ọ́, ẹ dákẹ́. Ìdákẹ́jẹ́ náà yóò gùn lójú yín, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe fi "kò burú, ẹ má ronú nípa rẹ̀" dí i.

Ó ṣeé ṣe kí ohun tí ẹ kò retí jáde: pé wọ́n dá a dúró níbi iṣẹ́, pé ojú ni ó ń tì í tí kò fi gbé fóònù, tàbí pé ẹ̀yin náà ti sọ ohun kan sí i níwájú àwọn ọmọ kéékèèké tí ó gún un dé egungun. Bí ó bá jẹ́ èyí ìkẹyìn, Mátíù 5:23–24 ti di tiyín: ẹ bẹ̀ ẹ́ níbẹ̀, lórí ohun tí ẹ ṣe, láìfi "ṣùgbọ́n" kún un.

Fún ẹni tí ó wà ní Lọ́ńdọ̀nù tàbí Houston, tí ẹni tí ó ṣẹ̀ ẹ́ wà ní Ìbàdàn, ẹ pè é kí ẹ sì jọ máa gbọ́ ohùn ara yín lójú ẹsẹ̀. Ẹ má ṣe fi ohùn tí a gbà sílẹ̀ ránṣẹ́. Ẹni tí a fi irú rẹ̀ ránṣẹ́ sí kò lè dá wa lóhùn láàrin ọ̀rọ̀, ó sì lè gbé e fún gbogbo ẹbí gbọ́.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* Kí ẹ tó dìde, ṣé ẹni náà lè fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ohun tí ó dùn yín? Bí ó bá ní, "Mo gbà pé mo gbé owó yín pẹ́, mi ò sì gbé fóònù yín," ó ti gbọ́. Bí ó bá kàn ní, "Ó dáa, ẹ má bínú, ẹ jẹ́ kí á gbàgbé rẹ̀," ẹ rọra padà sí i lẹ́ẹ̀kan sí i.

Ìpele 6: Bí ó bá kọ̀

Ẹ padà lọ pẹ̀lú ẹnìkan tàbí ẹni méjì, gẹ́gẹ́ bí Mátíù 18:16 ti wí. Ìgbà yìí ni iṣẹ́ àgbàlagbà tí ẹ yàn tó bẹ̀rẹ̀ gan-an. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti gbọ́ tẹnu ẹni méjèèjì, kì í ṣe láti ràn yín lọ́wọ́ láti borí. Bí èyí náà kò bá ṣiṣẹ́, ó kan àwọn alàgbà ìjọ. Bí ó bá kọ tiwọn náà, Jésù ní kí á kà á sí kèfèrí àti agbowó òde. Àwọn kan gbà á pé kí á má kí i mọ́. Ẹ rántí pé ilé agbowó òde ni Jésù ti jẹun, Mátíù tí ó kọ ìwé náà sílẹ̀ fún wa pẹ̀lú sì jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Ohun tí ó parí ni ìgbẹ́kẹ̀lé tí ó wà láàrin ará. Ìkíni, ọ̀yàyà àti ìrànlọ́wọ́ nígbà ìpọ́njú kò parí.

Ìpele 7: Ẹ ya owó sọ́tọ̀ kúrò lára ìdáríjì, ẹ sì ya ìgbẹ́kẹ̀lé sọ́tọ̀ kúrò lára méjèèjì

Ìbéèrè tí wọ́n sábà máa ń bi mí ni pé, "Bí mo bá ti dárí jì í, ṣé mo ṣì lè béèrè owó mi?" Bẹ́ẹ̀ ni. Sákéù, nígbà tí Jésù wọ ilé rẹ̀, sọ ní Lúùkù 19:8 pé òun yóò san án padà ní ìlọ́po mẹ́rin fún ẹnikẹ́ni tí òun bá rẹ́ jẹ, Jésù kò sì sọ pé kí ó fi owó náà sílẹ̀ nítorí pé ìgbàlà ti wọ ilé rẹ̀. Pọ́ọ̀lù, nígbà tí ó ń bẹ Fílémónì nítorí Ónísímù, kò ní kí ó gbàgbé gbèsè. Ó ní bí ó bá jẹ ọ́ ní ohunkóhun, kà á sí mi lọ́rùn. Ẹnìkan ní láti san án.

Ọ̀nà mẹ́ta ni ẹ lè gbà. Ẹ lè gba owó náà díẹ̀díẹ̀, kí ẹ jọ kọ ọ́ sílẹ̀: ₦10,000 lóṣooṣù fún oṣù mẹ́jọ. Ẹ lè fi apá kan sílẹ̀. Tàbí kí ẹ fi gbogbo rẹ̀ jì í. Àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ ni kí ènìyàn sọ, nítorí ojú àwọn àgbà, pé "Mo ti fi jì í," kí ó sì máa ka iye tí ẹni náà ná sórí aṣọ ẹbí ní oṣù tí ó tẹ̀ lé e. Bí ẹ kò bá lè fi owó náà sílẹ̀ láìwo aṣọ tí ó wọ̀, ẹ má fi sílẹ̀. Ẹ gba owó yín díẹ̀díẹ̀ pẹ̀lú ọ̀rọ̀ tútù. Kò sí ẹ̀ṣẹ̀ níbẹ̀.

Ìgbẹ́kẹ̀lé tún jẹ́ ohun mìíràn. Jósẹ́fù sunkún nítorí àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Jẹ́nẹ́sísì 42, síbẹ̀ kò fi ara rẹ̀ hàn wọ́n títí di orí 45. Ó bi wọ́n léèrè, ó dá Síméónì dúró, ó fi ife fàdákà sínú àpò Bẹ́ńjámínì, títí Júdà, ẹni tí ó dá a lábàá pé kí wọ́n ta Jósẹ́fù, fi fúnra rẹ̀ sọ pé kí wọ́n mú òun lẹ́rú dípò Bẹ́ńjámínì. Nígbà náà ni Jósẹ́fù tó rí i pé àwọn ènìyàn náà ti yí padà. Nítorí náà, ẹ lè dárí ji ẹ̀gbọ́n náà pátápátá, kí ẹ sì sọ fún un pẹ̀lú ọ̀wọ̀, nígbà tí ó bá tún tọrọ owó, pé agbára yín kò ká a.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* Ṣé ẹ lè sọ ohun mẹ́ta wọ̀nyí lọ́tọ̀ọ̀tọ̀: ohun tí ẹ ti fi jì í, ohun tí yóò san, àti ohun tí ẹ kò ní fi sí ìkáwọ́ rẹ̀ fún ìsinsìnyí? Ẹni tí kò bá lè yà wọ́n sọ́tọ̀ yóò máa bínú nípa ọ̀kan pẹ̀lú orúkọ èkejì.

Ìpele 8: Nígbà tí ó bá tún padà wá sọ́kàn

Yóò padà wá, pàápàá ní ọjọ́ tí owó bá tún wọ́n lọ́wọ́ yín ní oṣù kan. Kì í ṣe àmì pé ẹ kò dárí jì í. Nígbà tí Pétérù béèrè bóyá ìgbà méje tó, Jésù ní títí dé ìgbà àádọ́rin méje, ó sì ṣeé ṣe kí ẹ lo púpọ̀ nínú iye náà lórí ẹ̀ṣẹ̀ kan ṣoṣo. Ẹ má tún ẹjọ́ náà rò láti ìbẹ̀rẹ̀ nínú ọkàn yín. Ẹ sọ ọ́ ní gbólóhùn kan, "Olúwa, mo ti fi èyí lé Ọ lọ́wọ́, mo tún fi í sílẹ̀ níbẹ̀," kí ẹ sì padà sí ohun tí ẹ ń ṣe. Bí ìlà kan bá ń padà wá ní ojoojúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀, ìlà tí ẹ fò ní ìpele kẹta nìyẹn. Ẹ padà síbẹ̀.

Ìpele 9: Ẹ gba ẹjọ́ náà padà lọ́wọ́ àwọn tí ẹ ti rò ó fún

Kí ẹ tó mọ ìtọ́sọ́nà yìí, ó dájú pé ẹ ti sọ ọ̀rọ̀ náà fún ẹnìkan: ọkọ tàbí aya yín, àbúrò tí ẹ yá owó lọ́wọ́ rẹ̀, àwọn ọmọ tí wọ́n gbọ́ yín lórí fóònù. Ẹ̀yin ti parí i pẹ̀lú ẹ̀gbọ́n náà, ṣùgbọ́n àwọn ṣì ń bínú sí i nítorí yín, wọ́n kò sì ní ẹni tí yóò bẹ̀ wọ́n. Mo ti rí ibi tí ẹni méjì ti parí ìjà tí àwọn ọmọ wọn kò sì tíì máa kí ara wọn.

Ẹ wá wọn lọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ sọ fún ọkọ yín pé, "Mo lọ bá wọn, a ti sọ ọ́, wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í san owó náà, ẹ̀yin náà ẹ jọ̀ọ́, ẹ tú ojú ká fún wọn." Bí ohun kan bá wà nínú ohun tí ẹ sọ nígbà náà tí ó jẹ́ ti ọ̀nà kẹta ìwé yín, tí ẹ wá rí i pé kò rí bẹ́ẹ̀, ẹ sọ èyí náà: "Mo ní wọ́n pè mí ní ahun, mo bi wọ́n, kì í ṣe àwọn ni ó sọ ọ́." Fún àwọn ọmọ, ọ̀rọ̀ kúkúrú tó: "Èmi àti ìyá yín yẹn ti parí ọ̀rọ̀ wa. Bí ẹ bá rí wọn ní ìjọ, ẹ kúnlẹ̀ kí wọn bí ẹ ti ń ṣe tẹ́lẹ̀." Lẹ́yìn náà, ẹ fa ìwé pélébé yẹn ya.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* Ní ọjọ́ ìsinmi tí ó bá tẹ̀ lé e, ẹ má ṣe wo ojú ẹ̀gbọ́n náà. Ojú àwọn ará ilé yín ni kí ẹ wò nígbà tí ó bá ń bọ̀.